Gbé Ọwọ́ Ọmọlanke Lé Òṣùwọ̀n

Ìbéèrè kan ti ń gbé mi lọ́kàn láti bí oṣù kan sẹ́yìn. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí tírélà ìpàgọ́ kékeré láàárín ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ àti ọjọ́ tó kọ́kọ́ bọ́ sójú títì? Lórí bébà, 350 kg ni. Ọkọ̀ kékeré ni yóò máa fà á, èèyàn méjì ni yóò máa sùn nínú rẹ̀, owó rẹ̀ kò ní gani lára. Nígbà tí iṣẹ́ bá fi parí, ó ti di 700. Sípíríǹgì ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ọkọ̀ tó yẹ kó fà á ti ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí òkè. Àwọn tó kàn án kì í sì í ṣe aláìmọ̀ṣẹ́. Wọ́n mọ irin í jó, wọ́n mọ pákó í rẹ́, wọ́n sì ṣọ́ owó wọn kọ́bọ̀ kọ́bọ̀. Ìwọ̀n ni ẹnikẹ́ni ò ṣọ́.

Mo pè é ní tírélà, àmọ́ ẹni tó ń kà á ní Èkó yóò ti rí àwọn ọkọ̀ akónténà ojú ọ̀nà Apápá lọ́kàn. Ohun tí mò ń sọ kéré sí ìyẹn púpọ̀. Ọmọlanke ni: táyà méjì, ọwọ́ kan níwájú, àpótí pákó lórí wọn. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú àpótí náà, ilé ìdáná sì wà lẹ́yìn rẹ̀ lábẹ́ ìdérí tó ń ṣí sókè. Ní Amẹ́ríkà, láti àwọn ọdún 1930 ni àwọn èèyàn ti ń kan irú rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wọn. Èyí tó lè rin ọ̀nà tí kò lọ́dà ni ọ̀pọ̀ ń wá báyìí, nítorí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ní Utah, Nevada àti Arizona pọ̀ lọ súà, èèyàn sì lè pàgọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ibi púpọ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ 14 ni wọ́n sábà máa ń fún ni níbi kan. Ọ̀nà tó débẹ̀ ló jẹ́ kìkì òkúta àti iyanrìn. Èyí tí ilé iṣẹ́ ti kàn tán, ọ̀pọ̀ wọn ju $15,000 lọ, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ní ọwọ́ iṣẹ́ díẹ̀ fi máa ń wo ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀ pé, ṣé mi ò lè kàn án ni?

Ó ṣeé kàn. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kó má di ẹrù lọ́rùn ẹni.

## Férémù 4 sí 8

Ibi tó rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀ ni férémù inú páálí, èyí tí èèyàn máa fi bóòtù tò pọ̀ fúnra rẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà 4 ní ìbú, 8 ní gígùn. Owó rẹ̀ kò tó $1,000, ìwé rẹ̀ sì bá a wá. Ìwé yẹn wúlò, torí férémù tí èèyàn bá jó fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìjọba ìpínlẹ̀ máa ń fẹ́ yẹ̀ wò kí wọ́n tó fún un ní nọ́ńbà, wọ́n sì lè béèrè rìsíìtì gbogbo irin tó wà níbẹ̀. Ìdí mìíràn tí mo fi fara mọ́ 4 sí 8 ni pé bí plywood ṣe ń jáde nílé iṣẹ́ nìyẹn. Odidi pákó kan ni ilẹ̀ àpótí, kò sí ìrẹ́kù, kò sí oríkèé tí omi máa gbà wọlé.

Wọ́n kọ ọ́ sára irú férémù bẹ́ẹ̀ pé ó lè gbé 1,720 lb, ìyẹn nǹkan bí 780 kg. Títì ọlọ́dà ni nọ́ńbà yẹn ń bá wí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní ọmọlanke onírin tí jíìpù ń fà wọ inú igbó. Irin rẹ̀ nípọn, síbẹ̀ ìdá mẹ́rin tọ́ọ̀nù péré, 500 lb, ni wọ́n ní kí wọ́n máa dì sí i. Bí irin ológun bá ń gbé 500, kí ni ká retí lọ́wọ́ férémù tó ti inú páálí jáde? Tèmi ni pé kí gbogbo ohun tó bá gun férémù náà, àpótí, bẹ́ẹ̀dì, omi, oúnjẹ, aṣọ, má ṣe ju ìdajì nọ́ńbà ara rẹ̀ lọ. Ìyẹn 390 kg. Bí férémù, axle (ọ̀pá irin tó so táyà méjèèjì pọ̀) àti táyà bá jẹ́ 150, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ á jẹ́ 540. Ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

Táyà 12 ínṣì tó bá férémù wá ni kó kọ́kọ́ kúrò. Kòtò tí táyà 15 máa gorí rẹ̀ kọjá, inú rẹ̀ ni táyà 12 máa já sí, bó sì ṣe kéré tó ni yóò máa yí lemọ́lemọ́ tó, béárìn á sì máa gbóná. Ẹ ra axle 2,000 lb tí bóòtù táyà rẹ̀ jẹ́ 5 lórí òbìrí 4.5 ínṣì, ìyẹn ìbú òbìrí tí bóòtù náà tò yí ká. Òun ló wọ́pọ̀ lára tírélà kékeré, òun náà ló sì wà lára Jeep Wrangler àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní TJ àti lára Ford Ranger àtijọ́. Ẹni tó ń wa Toyota Tacoma á wá ti bóòtù 6, òbìrí 139.7 mm. Bí táyà ọkọ̀ àti ti ọmọlanke bá jẹ́ irú kan náà, àfirọ́pò kan ti tó fún méjèèjì, 20 kg ti kúrò nínú ẹrù nìyẹn. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pé ihò àárín ríìmù gba ìdérí gíríìsì kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ jẹ́ kí ìbú axle náà bá ti ọkọ̀ mu, kí táyà ẹ̀yìn lè máa tẹ ojú ipa tí tiwájú ti là sínú iyanrìn.

Ní ti gíga, bí sípíríǹgì bá wà lábẹ́ axle, tí ẹ bá gbé e sórí axle, férémù á ga sí i ní 4 sí 5 ínṣì láìra nǹkan púpọ̀. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: ọ̀pọ̀ axle ní ìtẹ̀ díẹ̀ láàárín tó kọjú sókè. Tí ẹ bá dojú rẹ̀ dé, táyà méjèèjì á fẹ̀gbẹ́ rìn, wọ́n á jẹ ẹ̀gbẹ́ kan tán kó tó pẹ́. Ìjókòó sípíríǹgì tuntun ni kí wẹ́dà jó sí apá kejì axle, axle fúnra rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ yí. Ẹ má sì ra sípíríǹgì tó le jù pẹ̀lú èrò pé igbó lẹ ń lọ. Sípíríǹgì tí wọ́n ṣe fún 2,000 lb lábẹ́ ẹrù 1,190 lb kò ní tẹ̀, fífò ni yóò máa fò, ohun tó bá sì ń fò ló ń já. Méjì tó jọ gbé 1,500 lb ti tó.

Ọwọ́ rẹ̀ la máa fi gùn sí i. Láti bọ́ọ̀lù irin ẹ̀yìn ọkọ̀, èyí tí ọwọ́ náà ń kọ́, dé àárín axle, mo fẹ́ kó tó mítà 3. Ọmọlanke tí ọwọ́ rẹ̀ kúrú máa ń yí dànù bí ẹ bá ń fi rìfáàsì. Páìpù onígun 2 sí 3 ínṣì, tí ara rẹ̀ nípọn tó ìdá mẹ́jọ ínṣì, ni kẹ́ ẹ lò, kó sì gba abẹ́ férémù kọjá dé irin ìdábùú kẹta. Èyí tí wọ́n kàn fi bóòtù mọ́ irin iwájú nìkan máa ń ká bí abẹ́rẹ́ tó bá já sínú kòtò.

## Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà

Plywood 18 mm, odidi kan, tó nǹkan bí 30 kg. Ti 12 mm tó 20. Ti 6 mm tó 10. Ẹni tó bá ń ronú igbó máa ń mú 18 fún ògiri, ó ní ó gbọ́dọ̀ lágbára. Pákó mẹ́fà ni ògiri, òrùlé àti ìdérí ilé ìdáná máa gbà, kí ó tó rẹ́ fèrèsé kúrò. Láàárín 18 sí 6, 120 kg ló ti yàtọ̀ yẹn, àpótí ò sì tíì ní ilẹ̀kùn.

Ẹ wo páálí mílíìkì. Bébà méjì tín-ín-rín ni, nǹkan fífúyẹ́ wà láàárín wọn, síbẹ̀ èèyàn lè to agolo lé e lórí. Bí ògiri ọmọlanke ṣe yẹ kó rí nìyẹn: plywood 6 mm níta, fóòmù líle 1 ínṣì láàárín, plywood 3 mm nínú, ọ̀pá pákó tẹ́ẹ́rẹ́ yí ẹnu ilẹ̀kùn àti fèrèsé ká. Fóòmù 4 sí 8 yẹn kò ju 2 kg lọ, òun ló sì máa dá òtútù dúró. Gọ́ọ̀mù ni kó mú wọn pọ̀, súkúrù kàn ń dì wọ́n mú títí gọ́ọ̀mù á fi gbẹ ni. Ẹ má lo gọ́ọ̀mù olóòórùn líle lára fóòmù, yíyọ́ ló máa yọ́ ọ.

Awọ ìta rẹ̀ ni owó ti máa ń lọ jù. Páànù aluminiọmu 0.8 mm fúyẹ́, odidi 4 sí 8 kò tó 7 kg, ó sì dára. Èyí tó dín owó kù ni aṣọ kánfáàsì òwú, irú èyí tí àwọn akunlé ń tẹ́ sílẹ̀, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù igi tí omi kì í tètè mú bíi Titebond II. Ẹ fọ aṣọ náà kẹ́ ẹ tó lò ó, kó lè sún kì tán, kí ohun tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ nílé iṣẹ́ sì kúrò. Ẹ fi sáńpépà ha pákó, ẹ fi rólà tẹ gọ́ọ̀mù sí i kó rin gbingbin, ẹ tẹ́ aṣọ lé e, ẹ fọwọ́ gbá a láti àárín lọ sí etí, kẹ́ ẹ wá fi gọ́ọ̀mù tí ẹ là díẹ̀ kun orí rẹ̀ títí ojú òwú á fi dí. Ó tó ọjọ́ méjì kó tó gbẹ dénú. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà ìta ilé: àkọ́kùn kí ó ṣàn díẹ̀ kó lè wọra, kíkùn méjì mìíràn tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá kánjú kun ọ̀dà lórí gọ́ọ̀mù tútù máa rí i tó ń wú bí àkàrà lọ́jọ́ tí oòrùn bá kọ́kọ́ pa á.

Etí pákó ni ẹnu rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń mumi. Ẹ po polyurethane, ìyẹn fáníìṣì igi, mọ́ mineral spirits tí wọ́n fi ń la ọ̀dà, ìlàjì-ìlàjì, kẹ́ ẹ fi kun gbogbo etí títí kò fi ní mu mọ́. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ àpótí, ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń dí òrùlé ni, kíkùn méjì, kẹ́ ẹ tó gbé e lé férémù, nítorí ọwọ́ yín ò tún ní débẹ̀ mọ́.

Ẹrù kéékèèké ló wá ń parí iṣẹ́ náà. Omi lítà 1 jẹ́ 1 kg, kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí i. Bátìrì olómi-ásíìdì 100 Ah tó 29 kg, ìdajì agbára rẹ̀ péré ló sì yẹ ká máa lò bí a bá fẹ́ kó pẹ́. Ti lithium iron phosphate tó jẹ́ 100 Ah tó nǹkan bí 12 kg, a sì lè lo 80 nínú rẹ̀ láìbẹ̀rù. Bí owó bá wà fún nǹkan kan ṣoṣo, mo gbà pé kó lọ síbẹ̀. Tí kò bá sí, ti ásíìdì náà á ṣiṣẹ́, ibi tí ẹ máa gbé e sí ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìwọ̀n yìí náà ni òfin fi ń mú èèyàn. Ní California, ọmọlanke tó bá tó 1,500 lb gbọ́dọ̀ ní búréèkì tirẹ̀. Ẹni tó ń gbé Houston rí àyè ju ìyẹn lọ, 4,500 lb ni Texas fi sí. Ní Bìrìtìkó, èyí tí kò ní búréèkì kò gbọ́dọ̀ ju 750 kg tàbí ìdajì ìwọ̀n ọkọ̀ tó ń fà á lọ, èyí tó bá kéré nínú méjèèjì. Ní 540 kg, owó búréèkì oníná, wáyà rẹ̀ àti ẹ̀rọ tó ń darí rẹ̀ nínú ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ dúró sápò yín.

## 28 kg

Ẹ jẹ́ ká dúró pẹ́ díẹ̀ níbí, torí ibí ni iṣẹ́ náà ti ń yí padà.

Àpótí ti wà lórí férémù. Ilẹ̀kùn ti wọlé, fíríìjì ti wà nílé ìdáná, àwo àti ìkòkò ti wọ àpótí wọn, kẹ́ẹ̀gì omi 20 lítà ti kún. Axle wà lábẹ́, bóòtù ló dì í mú. Ọmọlanke náà dúró lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú, igi wà níwájú àti lẹ́yìn táyà méjèèjì kó má bàa yí. Wọ́n gbé òṣùwọ̀n ilé ìwẹ̀ wá, irú èyí tí a ń gùn láti mọ bí ara ṣe wúwo, wọ́n gé ọ̀pá pákó kan tó jẹ́ kí ọwọ́ ọmọlanke wà ní gíga bọ́ọ̀lù ọkọ̀ gẹ́lẹ́, wọ́n gbé pákó lé òṣùwọ̀n, wọ́n sọ ọwọ́ ọmọlanke kalẹ̀ jẹ́jẹ́ sórí pákó. Nọ́ńbà sáré díẹ̀, ó dúró: 28.

Ó dùn mọ́ ẹni tó bá gbé e. Ọwọ́ kan ti tó láti gbé ọmọlanke 540 kg sọ́rùn ọkọ̀. Adùn yẹn gan-an ni ewu ibẹ̀. 28 nínú 540 jẹ́ ìdá 5 nínú 100. Ohun tó yẹ kó wà lọ́wọ́ iwájú jẹ́ ìdá 10 sí 15. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ló wúwo, ẹ̀yìn á sì máa fẹ́ darí iwájú. Ní 60 km ní wákàtí kan, ó lè má ṣe nǹkan kan. Ní 90, ọkọ̀ ńlá kan á kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ á ti ẹ̀gbẹ́ àpótí, ẹ̀yìn á jù sí ọ̀tún, á jù sí òsì, ìjù kejì á ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó bá tẹ búréèkì ọkọ̀ nígbà yẹn ti dá kún un. Ẹsẹ̀ ni kó gbé kúrò lórí tọ́tù, kó di sítíarìn mú gbọn-in láìyí i, kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ rọra dín eré kù.

Alábàárù tó ń fa ọmọlanke ní Ìdúmọ̀tà mọ ọ̀rọ̀ yìí láìlo òṣùwọ̀n. Bí wọ́n bá di àpò ìrẹsì sẹ́yìn jù, ọwọ́ ọmọlanke á fò sókè, á fẹ́ gbé e nílẹ̀. Bí wọ́n bá dì í síwájú jù, ìbàdí rẹ̀ ló máa sanwó rẹ̀ lálẹ́. Kó tó gbéra, ó máa ń gbé ọwọ́ náà díẹ̀, á mì í, á wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan, á sì sọ pé kí wọ́n sún àpò kan síwájú. Àpò kan péré. Gbogbo ìmọ̀ tí àwa ń fi òṣùwọ̀n wá nìyẹn.

Ìdí tí nọ́ńbà náà fi kéré kò fara sin. Àṣà ọmọlanke yìí ni pé ilé ìdáná wà lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀dì wà níwájú. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì fúyẹ́. Fíríìjì, omi, gáàsì, ìkòkò, gbogbo ohun tó wúwo ló wà lẹ́yìn, àwọn tó kàn án sì tún fi bátìrì síbẹ̀ kí wáyà fíríìjì má bàa gùn. Nǹkan kọ̀ọ̀kan bọ́gbọ́n mu lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Ẹ mú ìwọ̀n ohun tí ẹ sún, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú iye mítà tí ẹ sún un síwájú, ẹ pín in sí gígùn láti bọ́ọ̀lù dé axle, ìyẹn mítà 3. Bátìrì 29 kg wà ní mítà 1.1 lẹ́yìn axle. Tí a bá gbé e lọ sábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mítà 0.8 níwájú axle, ó ti rin mítà 1.9, ọwọ́ iwájú sì ti gba 18 kg. Kẹ́ẹ̀gì omi 20 kg tó wà ní mítà 0.9 lẹ́yìn, tí a gbé wá síwájú axle díẹ̀, ó rin mítà 1, ó mú nǹkan bí 7 wá. 28, 18, 7: 53. Ó kù díẹ̀ káàtó. Tí a bá wá tú bóòtù axle, tí a sún axle sẹ́yìn ní sẹ̀ǹtímítà 7 péré, òṣùwọ̀n á kà tó 64. Ìdá 12 nínú 100 nìyẹn, ó sì ti tó.

Ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n jó axle pa kí àpótí tó gùn ún rèé. Ọ̀pọ̀ máa ń jó o lọ́jọ́ kìíní, torí férémù tó ti ní táyà máa ń dùn-ún wò. Ẹ lu ihò fún ìdìmú sípíríǹgì lára ẹ̀gbẹ́ férémù, ẹ má lù ú sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ihò pọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3 síra, kí axle lè rìn síwájú sẹ́yìn títí òṣùwọ̀n á fi fọwọ́ sí i. Tí ẹ bá wá ní i, ẹ fi bóòtù tuntun dì í, ẹ kun ojú ibẹ̀ lọ́dà.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí a ò gbé bátìrì lọ sórí ọwọ́ níwájú pátápátá. Tí a bá gbé e síbẹ̀, mítà 1.9 níwájú axle, òun nìkan á mú 29 kg wá, a ò sì ní tú axle. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ wo ẹni tó ru igi gígùn tí ẹrù wà létí méjèèjì. Igi náà lè dọ́gba lórí rẹ̀, síbẹ̀ tó bá yíjú, igi á ṣì máa yí lọ nígbà tí òun fẹ́ dúró. Bátìrì lórí ọwọ́ àti táyà àfirọ́pò lẹ́yìn, bí ọmọlanke náà ṣe máa rí nìyẹn: òṣùwọ̀n á sọ pé ó dára, àmọ́ bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jù, kò ní tètè dákẹ́. Ohun tó wúwo, ẹ̀gbẹ́ axle ni ilé rẹ̀. Omi gan-an ló yẹ kó súnmọ́ ọn jù, torí òun nìkan ló ń tán lójú ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ ológeere 25 kg tí wọ́n so mọ́ ìdí ọmọlanke, mítà 1.8 lẹ́yìn axle, máa jí 15 kg kúrò níwájú, gbogbo iṣẹ́ yìí á sì padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Òṣùwọ̀n alákọ́ọ̀kọ́, tí à ń fà sókè lọ́wọ́, wà nílé ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gbé òkè òkun. Òun la fi ń wọn báàgì kí a tó lọ sí pápákọ̀ òfurufú: 23 kg, a yọ bàtà kan, a gbé èlùbọ́ lọ sínú báàgì kejì, a tún un wọ̀n. Kò sí ẹni tó ń bínú sí òṣùwọ̀n yẹn, a mọ̀ pé ẹni tó wà lẹ́nu káńtà kò ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ẹ gbé e wá sẹ́nu iṣẹ́ yìí. Gbogbo ohun tó bá ń wọ ọmọlanke, ilẹ̀kùn, fáànù, ìkòkò, ẹ gbé e kọ́, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára ògiri pẹ̀lú pẹ́ńsù kẹ́ ẹ tó kùn ún. Ohun tó ń sọ 350 di 700 ni "bóyá ó máa wúlò", ẹ̀rù àìní ló sì ń sọ bẹ́ẹ̀ nínú wa. Àáké méjì, àga mẹ́rin fún èèyàn méjì, omi ọjọ́ mẹ́wàá fún ìrìn ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò fi í bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ti gbé ibi tí nǹkan ti wọ́n rí mọ ibi tí ẹ̀rù yẹn ti wá.

## Ọ̀nà tó rí bíi páànù

Gálọ́ọ̀pù ńlá kọ́ ló ń tú ọmọlanke. Ojú ọ̀nà erùpẹ̀ tí ó ti di jágbajàgba bíi páànù òrùlé, kékeré kékeré, kìlómítà lé kìlómítà, òun ló ń tú u. Nọ́ọ̀tì á máa yí díẹ̀díẹ̀ títí á fi bọ́. Ẹ lo nọ́ọ̀tì tó ní òrùka náílọ́ọ̀nù nínú, tí kì í tú, kẹ́ ẹ sì tún gbogbo wọn fún lẹ́yìn 80 km àkọ́kọ́.

Irin máa ń ya níbi kan náà lára ọ̀pọ̀ wọn: ibi tí ọwọ́ ti wọ abẹ́ irin ìdábùú iwájú. Wẹ́dà tó bá jó o yípo, tó gba ìsàlẹ̀ páìpù kọjá ní ìdábùú, ti fa ìlà ibi tó máa ya sí fún un, torí ìsàlẹ̀ páìpù ló ń nà jù tí ó bá já sí kòtò. Kí ó jó o ní ẹ̀gbẹ́, ní ìlà tó bá gígùn páìpù lọ, kó sì fi irin pẹlẹbẹ tó tín-ín-rín létí méjèèjì tì í lẹ́yìn. Irin tí wọ́n fi tì í, tí orí rẹ̀ gé gbọnrangandan, ìṣòro náà ló kàn gbé lọ síwájú.

Férémù máa ń lọ́ díẹ̀ nígbà tí táyà kan bá gun òkúta. Ẹ jẹ́ kó lọ́. Bóòtù mẹ́fà sí mẹ́jọ ti tó láti di àpótí mọ́ ọn, pẹ̀lú wáṣà fífẹ̀ àti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín. Igun ilẹ̀kùn kò gbọ́dọ̀ mú bíi ti fèrèsé ilé. Ẹ gé e róbótó, sẹ̀ǹtímítà 5 ó kéré tán, torí láti igun mímú ni ògiri ti ń là. Ẹ dín afẹ́fẹ́ táyà kù sí 20 psi tí ẹ bá ti kúrò lórí ọ̀dà. Táyà tó kún le dan-in lábẹ́ ẹrù fífúyẹ́ dà bíi bọ́ọ̀lù, sípíríǹgì ò sì lè ràn án lọ́wọ́.

## Eruku, omi, èéfín

Eruku máa ń ti ẹ̀yìn wọlé, nítorí ọmọlanke tó ń sáré máa ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra lẹ́yìn ara rẹ̀, gbogbo ihò kékeré ìdérí ilé ìdáná á sì máa mu eruku. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn nìkan kò lè dí i. Ihò kan níwájú òrùlé, tó kọjú sí afẹ́fẹ́, tó ní asẹ́ afẹ́fẹ́ (fílítà) bíi ti ọkọ̀ lẹ́nu, á máa ti afẹ́fẹ́ mímọ́ wọlé, afẹ́fẹ́ inú á sì máa ti eruku jáde.

Níbi tí súkúrù bá ti wọ òrùlé, téèpù butyl, ìyẹn téèpù rọ́bà rírọ̀ tó ń lẹ̀ típẹ́típẹ́, ni kẹ́ ẹ fi sábẹ́ rẹ̀. Silikóònù máa ń ṣí tó bá yá, ọ̀dà kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ ò ní lè tún ibẹ̀ ṣe láéláé láìhá a kúrò.

Nípa iná, wáyà funfun ni kó gba ibi fìtílà kọ̀ọ̀kan padà wá sí iwájú; ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé bọ́ọ̀lù àti férémù láti gbé iná padà, ìpẹtà ò ní gbà fún un. Àwọ̀ brown ni ti fìtílà ẹ̀yìn, yẹ́lò ni òsì, gírínì ni ọ̀tún.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má dáná gáàsì tàbí èédú nínú àpótí yìí bí òtútù ti wù kó mú tó. Àyè inú rẹ̀ kò tó ti yàrá kékeré, carbon monoxide, èéfín olóró tó ń pani, kò sì lóòórùn. Ẹ̀rọ kékeré tó ń kígbe tí ó bá gbóòórùn ohun tí àwa ò lè gbóòórùn kò wọ́n, ẹ gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí fèrèsé kan ṣí díẹ̀ ní gbogbo òru.

Fún ìrìn àkọ́kọ́, ẹ dúró lẹ́yìn 30 km. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àárín ríìmù méjèèjì níbi tí béárìn wà. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ máa lọ. Bí ọ̀kan bá gbóná ju èkejì lọ, bóyá nọ́ọ̀tì rẹ̀ ti fún jù tàbí gíríìsì ò dénú. Bí ọwọ́ ò bá lè dúró síbẹ̀, ẹ gbé jáàkì sábẹ́ rẹ̀, ẹ ṣí i níbẹ̀. Ẹ mú béárìn àfirọ́pò méjì, irú L44649, àti agolo gíríìsì kan dání, wọn kò tó 1 kg.